Igúnnugún tí Kò Padà Jíṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ìgbàgbọ́ Nwoye nínú Ìwé Chinua Achebe Méjì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ tí ó ti kọ̀wé lórí Things Fall Apart (1958), ìwé ìtàn àròsọ Chinua Achebe tí Wálé Ògúnyẹmí tú sí Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Ìgbésí Ayé Okonkwo, ni ó ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Nwoye, àkọ́bí Okonkwo, tí ó kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ tí ó sì di onígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wí kò ju méjì lọ. Àwọn kan ní ìwà líle Okonkwo ni ó lé ọmọ náà síta. Àwọn mìíràn ní ikú Ikemefuna àti ẹkún àwọn ìbejì tí a gbé jù sínú igbó ni ó da ọkàn rẹ̀ rú tí ó fi wá ibi ìsinmi lọ. Kò sí irọ́ nínú àlàyé méjèèjì. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó là wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Nwoye ń sá fún nìkan ni àlàyé wọ̀nyí ń wò. Wọn kò bèèrè ohun tí ó mú lọ́wọ́ nígbà tí ó ń lọ, wọn kò sì bèèrè nípa àwọn tí ó pinnu láti padà wá bá. Ní orí kẹtàdínlógún, ní kété tí ọmọ náà fi ilé sílẹ̀, a sọ fún wa pé ó ní in lọ́kàn láti padà lọ́jọ́ kan bá ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó sì mú wọn wá sínú ẹ̀sìn tuntun náà. A kò gbọ́ ohunkóhun nípa ìpinnu yìí mọ́ títí ìwé náà fi parí.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìpinnu tí kò ṣẹ yìí ni òṣùwọ̀n tí Achebe fi wọn ìgbàgbọ́ Nwoye, àti pé àlọ́ kan tí ìyá ọmọ náà máa ń pa fún un ti sọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí kò fi ṣẹ wà nínú No Longer at Ease (1960), níbi tí Nwoye ti di Isaac Okonkwo, arúgbó katikíìsì tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Inú ilé ìyá

Bí a bá fẹ́ mọ bí orin àwọn míṣọ́nnárì ṣe rí ọ̀nà wọ inú Nwoye, orí keje ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí kẹrìndínlógún tí àwọn míṣọ́nnárì ti dé sí Mbanta. Ní orí keje ni Okonkwo ti máa ń pe Nwoye àti Ikemefuna wá sí iyàrá rẹ̀ lálaalẹ́ kí ó lè sọ ìtàn ogun àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ fún wọn. Nwoye mọ̀ pé ìtàn ọkùnrin ni bàbá òun fẹ́ kí òun fẹ́ràn, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ ìyá rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìjà Ilẹ̀ àti Òfuurufú. Òfuurufú bínú, ó sé òjò mọ́ fún ọdún méje. Irúgbìn gbẹ, òkú kò sì ṣeé sin nítorí pé ọkọ́ ń kán lára ilẹ̀ tí ó ti le bí òkúta. Wọ́n wá rán Igúnnugún lọ sókè pé kí ó fi orin bẹ̀bẹ̀. Orin náà wọ Òfuurufú lára, ó sì di òjò sínú ewé kókò fún ìránṣẹ́ náà. Bí ó ti ń fò bọ̀, èékánná rẹ̀ da ewé náà lu, òjò sì rọ̀ bí irú rẹ̀ kò ti rọ̀ rí. Nígbàkígbà tí ìyá Nwoye bá dá orin Igúnnugún yìí, ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé a gbé ọmọ náà lọ sókè ọ̀hún, níbi tí ìránṣẹ́ Ilẹ̀ ti ń kọrin ẹ̀bẹ̀.

Onímọ̀ Yorùbá kò ní ka àlọ́ yìí kí ó má rántí ti ilé rẹ̀. Àwa náà ní ti Ọ̀run àti Ilẹ̀ tí wọ́n jọ lọ ṣọdẹ, tí wọ́n pa ẹmọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń du ẹ̀gbọ́n títí òjò fi dá. Igún kan náà ni ó gbé ẹbọ lọ sókè. Irú àlọ́ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń pè ní àlọ́ àpagbè ni. Ẹni tí kò bá gbe orin rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo orí kẹrìndínlógún. Òyìnbó ń wàásù, ògbufọ̀ rẹ̀ ń da èdè rú, àwọn ará ìlú ń rẹ́rìn-ín. Okonkwo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ó bímọ láìní aya dá wọn láàmú, ó sì gbà pé orí wọn ti yí. Achebe kò pa á mọ́ fún wa pé Nwoye kò lóye ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan rárá. Orin ni ó mú un: orin nípa àwọn arákùnrin tí ó jókòó nínú òkùnkùn àti ẹ̀rù. Àfiwé tí òǹkọ̀wé sì lò fún bí ọ̀rọ̀ orin náà ṣe rí lára ọmọ náà ni ti òjò dídì tí ó yọ́ sórí ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bèèrè ni pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ òjò? Wọ́n lè fi orin wé oyin, wọ́n lè fi wé ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni ìbá bá òkùnkùn inú orin náà mu jù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iyàrá ìyá. Orin, ẹ̀bẹ̀, àánú, ilẹ̀ gbígbẹ àti òjò: gbogbo rẹ̀ ni ó ti wà ní etí Nwoye kí òyìnbó kankan tó dé Mbanta. Etí tí ìyá fi àlọ́ là ni ó gbọ́ ìyìn rere. Èyí já sí pé obìnrin tí Nwoye ń gbèrò láti padà wá kọ́ ní ìgbàgbọ́ ni ó kọ́kọ́ pèsè ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Kò sí ìdánilójú pé gbogbo etí ni orin náà yóò rí bákan náà fún. Achebe ti sọ ìtàn Udoh Osinyi, bàbá àgbà tí ó tọ́ bàbá òun dàgbà ní Ogidi. Ó kọ́kọ́ gba àwọn míṣọ́nnárì láyè nínú agbo ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ nítorí pé orin wọn ti kún fún ọ̀fọ̀ jù, kí àwọn aládùúgbò má baà rò pé òkú òun ni wọ́n ń ṣe. Orin kan náà ni: òkú ni àgbàlagbà gbọ́ nínú rẹ̀, òjò ni ọmọdé gbọ́.

Ọwọ́ tí ó wà lọ́rùn

Àtakò ẹbí nínú ìwé yìí kò rí bákan náà. Nneka, aya Amadi, tí ó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mẹrin tí wọ́n ń gbé wọn jù, lóyún wọ inú ìjọ, inú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì dùn pé ó lọ. Bàbá Enoch, tí í ṣe àwòrò ejò, fi ọmọ rẹ̀ gégùn-ún. Ti Okonkwo ni òǹkọ̀wé fara balẹ̀ sọ jù, ó sì yẹ kí a wo bí ó ṣe tò ó.

Amikwu rí Nwoye láàárín àwọn onígbàgbọ́, ó sì lọ sọ fún Okonkwo. Nígbà tí ọmọ náà wọlé tí ó kí bàbá rẹ̀, bàbá kò dáhùn. Bí ó ti fẹ́ bọ́ sí inú ilé ni Okonkwo fò dìde tí ó di ọrùn rẹ̀ mú, tí ó ń bi í pé ibo ni ó ti ń bọ̀. Ìbéèrè tí a bi ẹni tí a fún lọ́rùn kì í ṣe ìbéèrè. Nígbà tí ọwọ́ sì kúrò lọ́rùn, pàṣán igi ni ó kàn, Nwoye dúró ó ń wo bàbá rẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Àwọn obìnrin ń ké lóde, ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Uchendu, àbúrò ìyá Okonkwo, ni ó pàṣẹ pé kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀. Okonkwo fi í sílẹ̀, Nwoye sì jáde, kò padà mọ́.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé onígbàgbọ́ tuntun yìí kò jẹ́rìí ìgbàgbọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, yálà ṣáájú ìlù yìí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kiaga, oníwàásù náà fi ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ yìn ín pé ó kọ bàbá àti ìyá sílẹ̀ nítorí Olúwa. Achebe ní Nwoye kò lóye ọ̀rọ̀ náà tán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé òun kúrò lọ́dọ̀ bàbá òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé bàbá àti ìyá ni ọ̀rọ̀ Kiaga so pọ̀, bàbá nìkan ni Nwoye fẹ́ kọ̀. Àárín ohun tí Kiaga wí àti ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni ìpinnu àtipadà náà bọ́ sí. Kiaga kò bi í bóyá ó dágbére fún ìyá rẹ̀. Bàbá fún ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun, ìjọ sì fi ìbùkún bo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ìbá ti jáde.

Kò tọ́ kí a dá Okonkwo lẹ́bi kí a má gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí ó bà á lẹ́rù kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ ṣàìgbọràn. Ó rí ara rẹ̀ àti àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kóra jọ sí ojúbọ ìdílé, tí wọ́n ń retí ìjọsìn àti ẹbọ tí kò dé, tí kò sì sí nǹkankan níbẹ̀ ju eérú ọjọ́ àtijọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni èyí, kì í ṣe ìbínú lásán. Bí gbogbo ọmọkùnrin bá tẹ̀lé Nwoye, òkú Okonkwo kò ní ẹni tí yóò bọ ọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé orí èrò rẹ̀ pé iná ajó-bí-ẹ̀ẹ́rùn bí òun ni ó bí eérú tútù. Yorùbá ní iná kú ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Apá kìn-ín-ní òwe náà nìkan ni Okonkwo lè rí. Ní orí ogún, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún yòókù jọ, ó sì sọ fún wọn pé Nwoye kì í ṣe ọmọ òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe arákùnrin wọn. Nwoye ti sọ tirẹ̀ ṣáájú fún Obierika ní Umuofia pé Okonkwo kì í ṣe bàbá òun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti jáde, ó sì ya ni lẹ́nu pé ojú àwọn lámèyítọ́ fò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀, ìyàwó àgbà Okonkwo kò ní orúkọ kan ju Ìyá Nwoye lọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òǹkọ̀wé kàn gbàgbé láti sọ ọ́ lórúkọ ni. Ẹni tí ó mọ àṣà wa mọ̀ pé orúkọ gidi ni Ìyá Lágbájá, orúkọ ọlá sì ni. Bí bàbá bá wá pàṣẹ pé Nwoye kì í ṣe ọmọ mọ́, kí ni a ó máa pe obìnrin náà nínú agbo ilé? Nígbà tí Obierika dé Mbanta, ẹnu obìnrin yìí ni ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn náà, nítorí Okonkwo kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ Nwoye sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òǹkọ̀wé pa á mọ́ kúrò lójú wa. Àbùkù ni èyí lára iṣẹ́ tí ó dára bí irú èyí. Achebe tí ó ṣí ọkàn Okonkwo fún wa ní alẹ́ ọjọ́ náà ìbá lè ya ojú ìwé kan péré sọ́tọ̀ fún obìnrin tí a gba orúkọ mọ́ lára. A lè wí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni ó ń sọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irú àwáwí bẹ́ẹ̀ rọrùn jù, a kò sì ní gbà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kékeré.

Isaac

Ohun tí ìwé kìn-ín-ní sọ kẹ́yìn nípa Nwoye ni pé wọ́n ti ń pè é ní Isaac, ó sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Umuru. Ọ̀gbẹ́ni Brown lọ fi èyí dá Okonkwo lára yá, Okonkwo sì lé e jáde. Ọ̀pọ̀ ti rí ìtumọ̀ orúkọ náà: Ísáákì ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi rúbọ tí a sì fi àgbò rọ́pò rẹ̀. Ikemefuna, tí ó pe Okonkwo ní bàbá, kò rí àgbò.

Nínú No Longer at Ease, ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń jẹ́ Hannah. Ohun kan tí Achebe sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń ṣàwàdà ni ó wúlò jù fún àpilẹ̀kọ yìí. Isaac kò jẹ́ kí Hannah pa àlọ́ fún àwọn ọmọ nítorí pé, lójú tirẹ̀, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò yẹ àwọn ará ìjọ. Obi ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwé, olùkọ́ ní kí ó wá pa àlọ́ níwájú kíláàsì, kò rí ọ̀kan pa, ojú sì tì í. Ọmọ tí àlọ́ Igúnnugún gbé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ti di bàbá tí ó ń fòfin de àlọ́. Ó gba ojú ihò kan wọlé, ó sì fi amọ̀ dí i lẹ́yìn ara rẹ̀.

Kí a padà sí àlọ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí a kò tíì sọ ìparí rẹ̀. Nínú bí ìyá Nwoye ṣe ń pa á, òjò pa Igúnnugún púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi padà wá jíṣẹ́ fún àwọn tí ó rán an. Ó rí iná kan ní ọ̀nà jíjìn, ó fò lọ síbẹ̀, ó bá ọkùnrin kan tí ń rúbọ, ó yá iná níbẹ̀, ó sì jẹ ìfun ẹran ẹbọ. Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kò padà. Nínú tiwa, igún padà, àwọn ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú òjò tí òun fúnra rẹ̀ lọ tọrọ, tí wọ́n sì ṣá a lórí títí ó fi pá. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dùn tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn ẹni tí ó padà tí ilé kọ̀ ọ́ ni àlọ́ Yorùbá. Ìtàn ẹni tí ó rí iná ẹlòmíràn yá tí ó sì jókòó síbẹ̀ ni ti Ibo. Achebe kò yọ ìparí yẹn kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àhunpọ̀ ìtàn orí keje kò nílò rẹ̀. Umuofia ni ìlú Nwoye gan-an, ibẹ̀ ni ó lọ yá iná ìjọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Mbanta, nínú ìgbèkùn ọdún méje.

Orí kẹrìnlá No Longer at Ease ni a ti gbọ́ ẹnu Isaac fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Obi fẹ́ fẹ́ Clara, ẹni tí í ṣe Osu, ìyẹn ìran àwọn tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà tí ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ bá dána. Kiaga ti gba àwọn Osu sínú ìjọ ní Mbanta lójú àtakò àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Inú ìjọ yẹn ni a ti bí ìgbàgbọ́ Nwoye. Katikíìsì náà wá ń fi Náámánì adẹ́tẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Osu. Ìyá Obi ní òun yóò pa ara òun bí ó bá fẹ́ ẹ nígbà tí òun ṣì wà láyé. Ní òru ọjọ́ náà ni Isaac sọ fún Obi bí òun ṣe fi ilé bàbá òun sílẹ̀ pẹ̀lú ègún rẹ̀ lórí, àti pé nígbà tí wọ́n mú ìròyìn wá pé ó ti so, òun fi ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ dáhùn pé ẹni tí ó bá fi idà gbé ayé, idà ni yóò pa á. Ọ̀gbẹ́ni Braddeley, òyìnbó tí í ṣe olùkọ́ rẹ̀, bá a wí, ó ní kí ó lọ sin bàbá rẹ̀. Ó kọ̀. Òyìnbó náà rò pé ìránṣẹ́ ìjọba tí Okonkwo pa ni ó ń sọ. Kò mọ̀ pé Ikemefuna ni.

Ibi tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé méjèèjì ni èyí. Òyìnbó ní kí ó padà, onígbàgbọ́ ọmọ Ibo ní òun kò padà. Kì í ṣe ìjọ ni ó dí i lọ́nà. Ọ̀rọ̀ Ikemefuna tí ó yẹ kí ó sọ lójú bàbá rẹ̀, tí ọwọ́ fún mọ́ ọn lọ́rùn ní Mbanta, ni ó sọ nígbẹ̀yìn lẹ́yìn òkú bàbá, fún àlejò tí kò lè lóye rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ Bíbélì bò ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òru náà, kò dárúkọ ìyá rẹ̀.

Ó wúlò kí a fi ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ṣe ìfiwéra díẹ̀. Àjàyí Crowther tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó ṣèrìbọmi ní Sàró ní 1825, padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ sì fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 21 Oṣù Kẹjọ 1846. Ní 5 Oṣù Kejì 1848 ni ìyá náà ṣèrìbọmi, Hannah ni a sì sọ ọ́, ní orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba: Àjàyí kò sá nílé, a jí i gbé ni, ìyá rẹ̀ kò sì ní ọkọ tí ó gbégi lọ́wọ́. Síbẹ̀ ọ̀kan wà tí ó yẹ kí a wò. Ọkùnrin tí ó padà jíṣẹ́ fún ìyá yìí náà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá jọ, nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ ní 1843, àti nínú èyí tí ó tún ṣe ní 1852 tí òwe kún inú rẹ̀. Kò rò pé òwe kò yẹ àwọn ará ìjọ.

Hannah ti Achebe kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá àyè. Nígbà tí Obi dé láti ilé ìwé pẹ̀lú ìtìjú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí ó ṣe sùúrù títí bàbá yóò fi lọ sí ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí katikíìsì jáde tán, ó pa àlọ́ kan fún ọmọ náà, ti abo ẹkùn kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgùntàn. Nígbà tí olùkọ́ tún pe Obi síwájú kíláàsì, ó rí nǹkan wí.